Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Ìyá Ọkọ Mi Ni Mo Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Ohun funfun ńlá kan wà lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná mi ní Mkoba, níbí ní ìlú Gweru. Ó ní ojú dígí níwájú, bọ́tìnnì sì kún orí rẹ̀ lóríṣiríṣi. Bí àlejò bá bi mí bóyá ẹ̀rọ ìfọṣọ ni, mo máa ń dáhùn pé inú rẹ̀ ni mò ń kó ọ̀dùnkún sí. Àlejò á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sì sọ, ọ̀dùnkún ló wà níbẹ̀.

Plaxedes ni orúkọ mi, Ìyá Kundai ni wọ́n ń pè mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Mi ò kọ èyí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹnìkan lára ẹ̀yin tó ń kà á lè máa yọjú wo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ báyìí, kó máa wo ohun tó ń dán, kó sì ti máa fi ojú ẹ̀gàn wo èyí tó wà nílé.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ọkọ mi gbé títí ó fi kú. Ọmọ ìdílé tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin wọn ní Chihera ni. Ẹni tó bá mọ àwọn Chihera mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, wọn kì í sì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọkùnrin. Nígbà tí ọkọ mi wà ní kékeré, ìyá yìí á fi òwú funfun hun aṣọ tábìlì àti aṣọ orí àga, á dì wọ́n sínú àpò, á sọdá ẹnubodè ní Beitbridge, á máa kiri wọn láti ojúlé dé ojúlé ní Gúúsù Áfíríkà. Owó ìkiri yẹn ló fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ onígbá méjì kan. Igbá kan ń fọ̀, èkejì ń fún. Orí bọ́ọ̀sì ló gbé e wálé, gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì bá sì ti dúró ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Ẹ̀rọ yẹn dàgbà ju àwọn olùkọ́ kéékèèké ilé ìwé wa lọ. Ìdérí rẹ̀ ti sán, okùn búlúù ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bó bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ: gìrì, gìrì, gìrì. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, o fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi kànga sí i. Bí iná bá lọ, ó dúró, bí iná bá dé, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró, kò bínú sí ẹnikẹ́ni.

Nílẹ̀ wa, ohun tí obìnrin bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rà kì í ṣe ti ọkọ, kì í ṣe ti ọmọ. Ẹrù ọwọ́ là ń pè é. Bó bá kú, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló ń wá kó o, òun àti aṣọ rẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á tàbí kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jẹ ẹrù ọwọ́ ìyá ti fa ẹbí ìyá lẹ́sẹ̀, a kì í sì í fẹ́ ìbínú ẹbí ìyá nínú ilé.

Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ fi ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ pamọ́. Ó ní àbúrò kan ní Mvuma tó ń jẹ́ Maidei, Ìyá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ Ìyá Kékeré dùbúlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń di fífọ̀, ọwọ́ ló sì fi ń fọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, àwọn ìka náà ti ká kò. Ìṣojú mi ni ìyá ọkọ mi ti sọ fún un pé, "Maidei, bí mo bá lọ, má pa ara rẹ lẹ́kún. Mo fi ọwọ́ méjì sílẹ̀ fún ọ nílé Josphat."

Josphat ni ọkọ mi. Èmi ni mo gbé tíì fún wọn lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Blessed, aládùúgbò wa, ra ẹ̀rọ tuntun kan. Ó pè mí kí n wá wò ó. A jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifísọ̀n, aṣọ ń yí po nínú dígí, kò sì pariwo rárá. Ìyá Blessed wá rọra sọ fún mi pé, "Tiyín ọ̀hún, Ìyá Kundai, àlejò mi kan sá síta nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ti ya wọ ọgbà wa." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé ilé, ó sì bá mi sùn.

Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàrin ìgboro. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ilé pé kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ àtijọ́ gbé e wá, àwọn á yọ iye kan kúrò lára tuntun. Ọmọkùnrin tó ń tajà so táì mọ́rùn, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní ẹ̀rọ náà ń ronú fúnra rẹ̀, ó mọ bí aṣọ ṣe wúwo, ó mọ omi tó máa tó o, bó bá sì parí, á kọrin.

Mo bi í pé ọdún mélòó ló ń lò. Ó ní ọdún kan ni àwọn fi dúró fún un. Mo ní lẹ́yìn ọdún kan ńkọ́.

"Ìyáàfin," ló wí, "bí ẹ bá ra bàtà, ṣé ẹ máa ń bi oníbàtà léèrè ọjọ́ tó máa já?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ti dá mi lóhùn o, èmi ni mi ò gbọ́.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nílé, ọkọ mi kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní ẹrù ọwọ́ ìyá òun ni, kí n jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá òun wá ná. Mo ní ohun tó ti gbó tó báyìí, ìtìjú ni láti gbé e fún ènìyàn. Ó ní òun kò bi mí bóyá ó gbó. Bó ṣe jáde nìyẹn.

Iṣẹ́ rélùwéè lọkọ mi ń ṣe. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n rán an lọ sí Hwange fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ kejì tó lọ ni mo pe ṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Sikhumbuzo ló gbé tuntun wá, òun ló sì máa gbé ti àtijọ́ lọ. Òun náà ló ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn. Ó tan ẹ̀rọ ìyá ọkọ mi wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró gìrì gìrì. Ó tẹ́tí sí i, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Màámi, èyí ṣì máa sìn yín pẹ́ o." Mo sọ fún un pé kó máa gbé e lọ, ilé ìdáná mi kò gba méjì. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà, omi díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ dà sórí ẹsẹ̀ mi. Mo nù ún kúrò.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó rí ohun funfun náà, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Mo sọ fún un pé ti àtijọ́ kọ iṣẹ́, èéfín jáde lára rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e dànù. Ó wò mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jẹun nínú ilé a máa dákẹ́, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dùn ún jù nígbẹ̀yìn.

Ìyá Kékeré pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kan láti kí wa. Ó béèrè ẹ̀rọ náà bí ẹni béèrè ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti pa irọ́ tó ju gbogbo irọ́ lọ.

"Ìyá Kékeré," mo wí, "láti ọjọ́ tí ẹ ti ibi ìsìnkú lọ, mo tan án, kò dáhùn mọ́. Ó bá olówó rẹ̀ lọ ni."

Mo gbọ́ tó ń sunkún jẹ́jẹ́. Ó ní kò burú, pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbé ọwọ́ rẹ̀ dání lọ ni, pé bí òun bá tilẹ̀ rí òkú ẹ̀rọ náà gbé síwájú ilé, òun á máa rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Àwọn ìyá ìjọ ń sọ ọ́ fún ara wọn, wọ́n ní ẹ kò rí ìfẹ́ bí, ẹ̀rọ lásán-làsàn ṣọ̀fọ̀. Pásítọ̀ wa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù. Mo jókòó ní àga ẹ̀yìn, mo ń mi orí bí aláǹgbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ẹ̀rọ tuntun náà ṣe sìn mí. Oṣù àkọ́kọ́, ayé dùn. Ó ń fọ̀, ó ń kọrin, mo ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀ kí Ìyá Blessed lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú mi là. Ẹ̀rọ náà kò gba omi bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ omi tó ń ti inú páìpù tú jáde pẹ̀lú agbára. Ní Mkoba wo? Níbi tí omi ti ń yọ nígbà tó bá wù ú. Ni mo bá ń dúró tì í, mò ń fi ife da omi síbi tí wọ́n ń da ọṣẹ sí, ife lórí ife. Ẹ̀rọ tó ń ronú fúnra rẹ̀, èmi ni mò ń fún un lómi mu bí ọmọ ọwọ́.

Aṣọ tí ti àtijọ́ máa fọ̀ kí ìrẹsì tó jinná, èyí á gbà á ní gbogbo ọ̀sán. Bí iná bá lọ láàrin rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn pa mọ́ aṣọ. Bí iná bá dé, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ aláìgbọràn. Rọ́bà ẹnu dígí ya, omi ń jò sílẹ̀. Mo pe ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní omi wa ló burú. Mo tún pè, wọ́n ní iná wa ló burú. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọdún kan náà ti pé.

Ìgbà náà ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ bí ẹni ń lọ òkúta. Sikhumbuzo wá, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ń wò ó. Ó ní ohun tó bàjẹ́ kò tó nǹkan, irin róbótó kan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ igbá rẹ̀ pa pọ̀, kò ṣeé tú. Bí mo bá fẹ́ irin róbótó yẹn, àfi kí n ra odindi igbá láti Johannesburg, owó igbá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ tuntun. Mo bi í pé ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹni tó fẹ́ kí ẹ padà wá rà ni." Mo ṣì ń san gbèsè rẹ̀ nínú owó oṣù mi nígbà yẹn. Mo ní kó dé e padà. Ó ń lọ̀, èmi náà ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pípín ẹrù wá kò. Wọ́n fi sí ọjọ́ Sátidé kan. Nílé ọkọ mi, ìyàwó ilé ló gbọ́dọ̀ fọ aṣọ ìyá ọkọ kí wọ́n tó pín in, omi tútù àti ọwọ́ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi fọ̀ ọ́. Ìdágbére ni. Ó yẹ kí n ti ṣe é lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílẹ̀, omi kò yọ, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Àwáwí kò tán lẹ́nu mi.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni omi yọ, iná náà wà. Mo wo òkìtì aṣọ náà. Mo wo ẹ̀rọ náà. Mo ní ta ló máa mọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀: àwọn gọ́ọ̀nù ìyá, bùláòsì pupa ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó hun gbẹ̀yìn láyé rẹ̀, èyí tó ti ṣèlérí fún Ìyá Kékeré. Pupa àti funfun pa pọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ń yí, ó ń lọ̀. Lójijì, gílóòbù ilé tàn yòò ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì kú. Ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, òórùn jíjóná sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kò dáhùn. Nínú dígí, mo rí aṣọ ìyá ọkọ mi tó léfòó nínú omi, omi náà sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ mi dé, ó rí i, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní, "Aṣọ ìyá mi lo kó síbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pe Sikhumbuzo, ó bẹ̀ ẹ́. Sikhumbuzo ní ó di ọ̀la.

Àárọ̀ Sátidé, wọ́n dé láti Mvuma. Bàbá Zivanayi, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ọkùnrin, ló ṣáájú. Mhofu ni à ń pe àwọn ọkùnrin ìdílé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń pe bàbá yìí. Ìyá Kékeré tẹ̀lé e pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ kí wọn. Ìyá Kékeré fa etí mi, ó ní, "Plaxedes ọmọ mi, oúnjẹ Gweru bá ọ lára mu. Bí o bá sanra sí i, wọ́n á fẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé fún ọ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó gbé elégédé kan lé mi lọ́wọ́, ó ní oko òun ló ti wá. Ìka rẹ̀ kò lè dì í mú dáadáa, apá ló fi gbà á mọ́ àyà.

Wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì. Ìkòkò ẹran wà lórí iná, mo ti ro sadza, oúnjẹ ìyẹ̀fun àgbàdo wa, sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Mhofu jókòó gún régé.

"Josphat," ló wí, "a wá kó ẹrù ọwọ́ arábìnrin wa. A gbọ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ bá a lọ. Òkú ẹ̀rọ náà, a máa gbé e. Maidei fẹ́ ẹ síwájú ilé rẹ̀."

Ọkọ mi wo ilẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní a ti gbé e dànù, pé ó ń gba ààyè. Mhofu fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní dànù wo, ta ló fún wa láṣẹ láti gbé ẹrù ọwọ́ dànù. Kí n tó rí èsì, ó ní kí n kó aṣọ wá ná, a ó padà sórí èyí.

Mo ní aṣọ kò tíì gbẹ.

"Aṣọ tútù náà, aṣọ ni," Ìyá Kékeré wí, ó sì dìde láti bá mi kó o.

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Sikhumbuzo ni, òun àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó kí gbogbo ilé, ó gba ààrin wọn kọjá lọ sí ilé ìdáná bí ẹni tó mọ̀nà. Ìyá Kékeré tẹ̀lé e. Kí n tó dé ibẹ̀, ó ti dúró síwájú dígí, ó ń wo aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú omi pupa.

Sikhumbuzo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná pátápátá, àfi kí òun fi irin já ilẹ̀kùn náà. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ jọ ń lọ.

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, Màámi. Onígbá méjì tí ẹ ní kí n gbé lọ, mo tan án ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣiṣẹ́ títí ọ̀gá fi ní kí n pa á nítorí ariwo."

Ìyá Kékeré kò yíjú. Ó ní, "Onígbá méjì wo?"

"Èyí tí ìdérí rẹ̀ sán," Sikhumbuzo dáhùn, "tí wọ́n fi okùn búlúù so lẹ́sẹ̀."

"Èmi ni mo so okùn yẹn," Ìyá Kékeré wí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ilẹ̀kùn náà já. Omi pupa tú sílẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ mi, ó bo bàtà Ìyá Kékeré. Sikhumbuzo wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé òun ti sọ ohun kan, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mhofu àti ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà jáde. Kò funfun mọ́. Ó ti pọ́n níbì kan, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbòmíràn, ẹ̀rọ sì ti fa ìhun rẹ̀ ya. Ó gbìyànjú láti fún un. Ìka rẹ̀ kò ká mọ́ ọn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, omi kàn ń ṣàn sí apá rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti bá a fún un, ó gbé e kúrò níwájú mi.

"Plaxedes," ló wí, "ṣé o fi ọwọ́ kàn wọ́n rárá?"

Ìtìjú tó bò mí nígbà yẹn, mo rò pé ó máa pa mí, kò sì pa mí.

Ọkọ mi kúnlẹ̀ síwájú Mhofu, ó jẹ́wọ́ pé òun ti mọ̀, òun kàn dákẹ́ ni. Mhofu kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní àwọn kò ní jẹun níbí. Ó ní kí a wá ẹ̀rọ náà, òun gan-an, àwọn kò fẹ́ tuntun, àwọn kò sì fẹ́ owó. Títí a ó fi rí i, kí a má fi ẹsẹ̀ kan ilé àwọn pé a wá ṣe ẹbí. Wọ́n kó aṣọ tútù náà sínú bàsíà, wọ́n sì lọ. Ẹran wà lórí iná títí ó fi jóná, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Mo wá ẹ̀rọ náà. Ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ti kó o fún àwọn tó ń ra irin. Àwọn tó ń ra irin ní àwọn ti tú u, àwọn ti ta ara rẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin, ẹnìkan ló ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ń wá ẹni náà kiri. Lọ́jọ́ kan, mò ń gba ọjà kan kọjá nítòsí ibùdókọ̀, mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: gìrì, gìrì, gìrì. Ọkùnrin kan ti kan ẹ́ńjìnnì náà mọ́ pákó, ó fi ń lọ ẹ̀pà di bọ́tà, àwọn oníbàárà tò síwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tà á fún mi. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ló ń bọ́ àwọn ọmọ òun, kì í ṣàárẹ̀, kì í gbóná jù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú mi. Àánú mi ṣe é. Ó ní, "Ẹ lọ ra tuntun, ìyá. Wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ká tilẹ̀ ní ó tà á, kí ni mo fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì lásán lọ ṣe fún obìnrin tó nílò ẹ̀rọ?

Ọkọ mi kò lé mi jáde. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá ní kó jẹ́ kí n bá a fọ̀ ọ́, á ní rárá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fẹ́ ta ohun funfun náà, kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn tó ń ra irin pàápàá ní ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó ṣe di ilé ọ̀dùnkún nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ní ohun kan nílé tó gbó, tó ń pariwo, àmọ́ tó ń sìn yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ló ni ín. Èyí nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ bí a ṣe ń tún un ṣe bó bá ti bàjẹ́.

Oṣù tó kọjá, ara mi kò gbà á mọ́. Mhofu kò fún mi láyè, mo sì lọ. Mo ra ọṣẹ, mo ra ṣúgà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mvuma. Mo ti pinnu pé gbogbo Sátidé ni màá máa wá fi ọwọ́ mi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọkọ Ìyá Kékeré, títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Mo bá Ìyá Kékeré lẹ́bàá omi, bàsíà wà níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó béèrè Kundai, ó béèrè ilé ìwé, ó béèrè òjò. Mo bọ́ bàtà, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo na ọwọ́ sí bàsíà náà. Láyé àtijọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kígbe pè mí pé, "Plaxedes, ọ̀lẹ, wá bá mi fún èyí."

Ó rọra fa bàsíà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ìyá Kundai," ló wí. "Àlejò kì í fọṣọ nílé wa."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ gbé àga jáde fún mi, àga tó dára jù tó wà nínú ilé. Ó po tíì, ó fi ṣúgà sí i bí mo ṣe ń mu ún. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí bàsíà.

Mo jókòó. Mo mu tíì náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó sá sórí okùn ń kán omi sílẹ̀ tótó, nítorí kò sí ọwọ́ tó lè fún un.